Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tá a jù sí gọ́tà ní Ìgbàrà-Odò: ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti ń kà á

Àwọn àgbà ló ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹrù tá a bá dì lé omi lórí pé kó bá wa gbé lọ, ẹ má rò pé ó ti tán síbẹ̀. Ó ń lọ síbì kan. Ibẹ̀ gan-an la fẹ́ jọ rìn dé lọ́sẹ̀ yìí. A ó gbéra láti Ìgbàrà-Odò Èkìtì, a ó tẹ̀lé omi, a ó wọ mọ́tò níbi tí omi bá ti ya ọ̀nà tirẹ̀, a ó sì balẹ̀ sí etí òkun, níbi táwọn kan ti ń fi asẹ́ àti iyọ̀ ka ohun tá a jù nù.

ODÒ WÀ NÍNÚ ORÚKỌ, ÒKUN KÒ SÍ NÍBẸ̀

Ẹni tí kò bá dé Ìgbàrà-Odò rí, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì ló wà, Ìláwẹ̀ sì ni olú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Arájàká ni oyè ọba wọn. Tẹ́ ẹ bá ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà Iléṣà, Ìgbàrà-Òkè lẹ ó ti yà. Ilẹ̀ kòkó ni, ilẹ̀ iṣu ni, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni. Ìkògòsì kò jìnnà sí i, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun jáde pẹ̀lú ooru tó tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó sì ń lọ pàdé èkejì rẹ̀ tó tutù. Ògòtún náà wà nítòsí, ìlú àwọn tó ń hun ẹní.

Odò wà nínú orúkọ ìlú yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkun kò sí níbẹ̀. Ọmọ Ìgbàrà-Odò tó bá fẹ́ fojú rí òkun, ó máa rìn ju 100 kìlómítà lọ. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá dé àárín ọjà tó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa yanrìn etíkun tó ń bàjẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn ni? Kí ló kan ará oko pẹ̀lú etíkun?"

Ó kàn yín, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ jẹ́ ká lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ ó rí i pé ó kàn yín.

Kí lẹ rí nínú gọ́tà yẹn? Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà. Ọ̀rá dúdú tá a fi di ata. Ìdérí ìgò mínírà. Ike tá a fi mu omi lẹ́ẹ̀kan, tá a sọ nù. Irun àfikún tí onídìrí gé kù. Okùn rọ́bà tó já lára àpò gàrí. Nígbà tó bá di alẹ́, òjò á rọ̀, ọ̀gbàrá á sì gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjà ti mọ́ tónítóní, a sì ń dúpẹ́ pé òjò bá wa gbálẹ̀. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Nígbà kan, ohun tí ọ̀gbàrá ń gbá lọ lọ́jà Èkìtì kò ju ewé ẹ̀kọ àti èèpo iṣu lọ. Odò gbà á, ó jẹrà, ó di ọ̀rá ilẹ̀. Láti bí ọdún 1990 síwájú ni omi inú ọ̀rá ti gba ìgboro lọ́wọ́ wa. Ewé ń jẹrà. Ọ̀rá kì í jẹrà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

OMI ÈKÌTÌ NÍ JU Ọ̀NÀ KAN LỌ

Omi tó bọ́ sílẹ̀ ní apá ibi tá a wà yìí ní ju ọ̀nà kan lọ tó ń gbà dé òkun. Odò Òwèná ń ti ilẹ̀ òkè Èkìtì sọ̀kalẹ̀, ó gba ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Odò Ògbèsè náà ń ti Èkìtì bọ̀, òun ni ìlú Ògbèsè lẹ́bàá Àkúrẹ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Èyí tó máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni odò Ọ̀ṣun. Gbogbo ayé mọ Ọ̀ṣun mọ́ Òṣogbo, ṣùgbọ́n Ìgèdè-Èkìtì ló ti sun wá, ibi tí kò jìnnà sí Ìláwẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti kọrí sí Òṣogbo, tó fi wá lọ tú sínú ọ̀sà Lekki lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́.

Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ohun tí ọ̀gbàrá bá gbá ní Ìgèdè, ọ̀sà Lekki ló forí lé. Ohun tó bá sì kó sí ọ̀nà Òwèná, ìlú ẹlòmíràn ló máa gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wọ mọ́tò wàyí. Láti Ìgbàrà-Odò, a dé Ìgbàrà-Òkè. Ìsédò Òwèná wà ní sàkáání ibẹ̀, omi tí wọ́n sé jọ kí aráàlú lè rí omi mu. Ẹ dúró wò ó díẹ̀. Omi tó bá ń sáré, ó ń gbé ẹrù lọ ni. Omi tí wọ́n bá sé, ó ń gbé ẹrù kalẹ̀ ni. Ohun tó wúwo á rì sínú ẹrẹ̀, ohun tó fúyẹ́ á léfòó. Kí ọ̀rọ̀ tó dé etíkun rárá, ó ti kan omi tí aládùúgbò wa ń mu.

Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ìyẹn FUTA, gbé èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí odò Ọ̀ṣun jáde. Wọ́n yẹ omi wò, wọ́n yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò wò, wọ́n yẹ ẹja wò. Wọ́n bá èérún ike nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní ó ti pọ̀ débi pé ó yẹ kí Nàìjíríà fòfin de ike àlòsọnù. Ọ̀ṣun yìí kan náà ló sun láti Èkìtì o.

Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Oǹdó, Ọ̀rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde, Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá dé Ẹ̀pẹ́ tí kò dé ọjà ẹja Olúwo, kò tíì dé Ẹ̀pẹ́. Ẹja odò, ẹja ọ̀sà, akàn, edé, gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ná an náà ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń là á, tí ìfun ń bọ́ sínú báàfù. Ẹ fi ìfun ẹja yẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

LÓRÍ YANRÌN ELEKO

Láti Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà lọ tààrà sí Ìbẹ̀jú-Lekki, etíkun Eleko sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ti Èkìtì wá tí kò rí òkun rí, ó máa kọ́kọ́ dákẹ́ ni. Ariwo ìgbì kò fún un láyè láti sọ̀rọ̀. Yanrìn funfun, igi àgbọn, omi tí kò ní òpin.

Ṣùgbọ́n ẹ wolẹ̀. Ẹ wo ìlà tí ìgbì tó gòkè jù fi sílẹ̀ lórí yanrìn, níbi tí koríko òkun, igi àti ìkarahun kó jọ sí. Ọ̀rá wà níbẹ̀. Bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀. Ìdérí ìgò, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, àjákù àwọ̀n apẹja. Èyí tójú rí nìyẹn. Èyí tójú kò rí ló pọ̀ jù.

Ta ló da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀? Kì í ṣe àwọn tó wá ṣe fàájì níbẹ̀ nìkan. Ìṣàn òkun létí ilẹ̀ wa ń ti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ohun tó bá bọ́ sómi ní Lómé tàbí Kútọnu lè gbabẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó bá ti ẹnu ọ̀sà Èkó jáde, ìhà Oniru àti Eleko ni ìgbì ń tì í lọ. Ọ̀sà Lekki sì so mọ́ ọ̀sà Èkó. Ẹrù omi Ìgèdè ti dé bèbè òkun nìyẹn.

Ẹ gbọ́ bí ike ṣe ń di èérún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ọ̀rá bo àtẹ rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Tí oòrùn bá ti pa á fún oṣù mélòó kan, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ńṣe ló máa rún wúruwùru. Kò jẹrà o, ó kàn kéré sí i ni. Oòrùn á rún un, ìgbì á lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata, ọ̀kan á di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún á di ẹgbẹ̀rún. Èyí tí kò bá ti tó mìlímítà 5, ìyẹn èyí tí kò ju hóró ọkà bàbà kan lọ, òun làwọn onímọ̀ ń pè ní microplastic. Àwa á máa pè é ní èérún ike.

Richard Thompson, onímọ̀ kan ní yunifásítì Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ orúkọ yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ lọ́dún 2004. Wọ́n yẹ yanrìn etíkun wò, wọ́n bá fọ́nrán ike nínú rẹ̀. Wọ́n tún yẹ àwọn ohun tí wọ́n ti fi àwọ̀n kó nínú òkun, tí wọ́n sì tọ́jú láti àwọn ọdún 1960, wò. Wọ́n rí i pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni fọ́nrán ike ń pọ̀ sí i.

ASẸ́, IYỌ̀ ÀTI ABẸ́RẸ́

Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń sẹ́ gàrí, iṣẹ́ yín náà ni.

Wọ́n á na tépù sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí ìgbì fi sílẹ̀. Wọ́n á mú ojúkò bíi mélòó kan lójú tépù yẹn láìṣojúsàájú, kó má di pé ibi tó dọ̀tí jù nìkan ni wọ́n yàn. Lójúkò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé férémù onígun mẹ́rin kalẹ̀, irú èyí tí káfíńtà lè kàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ń lo èyí tó jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti lóròó. Wọ́n á fi ṣíbí irin bu yanrìn òkè inú rẹ̀, kò jù bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ sísàlẹ̀. Ṣíbí irin ni o, kì í ṣe ti ike, kí ike tiwọn má lọ bọ́ sínú ohun tí wọ́n fẹ́ kà.

Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni iyọ̀ dé.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń fi omi dán ẹyin wò: èyí tó bá bàjẹ́ á léfòó, èyí tó dára á rì. Ẹ bá da iyọ̀ púpọ̀ sómi yẹn, ẹyin tó dára pàápàá á léfòó, nítorí omi iyọ̀ wúwo ju omi lásán lọ. Ọgbọ́n yẹn náà ni. Lítà omi kan lè mu iyọ̀ tó bíi gíráàmù 360 kó tó ní òun ò mu mọ́. Wọ́n á da yanrìn sínú rẹ̀, wọ́n á rò ó dáadáa, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan. Yanrìn á rì. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, ìdérí ìgò àti àjákù okùn á léfòó. Wọ́n á wá sẹ́ omi òkè yẹn, wọ́n á sì gbé ohun tó kù lórí asẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi.

Tójú kò bá dá a mọ̀ bóyá ike ni tàbí ìkarahun, wọ́n á fi iná yan abẹ́rẹ́, wọ́n á fi kàn án. Ike á yọ́, á ká kò. Ìkarahun kò ní mira.

Ọgbọ́n yìí ní ibi tó ti ń kù díẹ̀ káàtó. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi àti mínírà wúwo ju omi iyọ̀ pàápàá lọ, ó máa ń rì mọ́ yanrìn. Ẹni tó bá lo iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan, á ka ìdérí, á fojú fo ìgò. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń lo oògùn tó wúwo jù iyọ̀ lọ. Ohun mìíràn tún wà: ẹni tó ń kà á kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ onírọ́bà. Aṣọ òwú ni, torí fọ́nrán lè já lára aṣọ rẹ̀, kó sì bọ́ sínú àwo. Wọ́n tún máa ń ṣí àwo òfìfo kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́, kí wọ́n lè mọ iye tí afẹ́fẹ́ ilé nìkan gbé wá.

Wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé wa níbí. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ wa gbé èsì jáde lórí yanrìn etíkun mẹ́rin l'Ékòó: Oniru, Alpha, Lekki àti Eleko. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti bá èérún ike. Kò sí èyí tó mọ́.

KỌ́ŃGÒ ỌJÀ MÉJÌ

Ẹ lè ní, "Kí là ń kà á sí? Ẹni tó bá rí ìdọ̀tí, kó gbá a." Ẹ̀yin ọlọ́jà kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ka owó rẹ̀ lálẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òun jèrè?

Ìjọba Èkó fòfin de abọ́ fóòmù ní oṣù kìíní ọdún 2024. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2025, ó kan oríṣi àwọn ike àlòsọnù mìíràn. Ṣé òfin náà ń ṣiṣẹ́? Yanrìn ló máa sọ, tí wọ́n bá kà á lọ́dún dé ọdún, lójúkò kan náà, lọ́nà kan náà.

Lọ́nà kan náà ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé kọ́ńgò ọjà kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Onímọ̀ kan á ka èérún inú kílò yanrìn kan. Ẹlòmíràn á ka ti ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan. Ẹ̀kẹta á ka èyí tó wà nínú lítà omi. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ẹni tó ń ra gàrí, á ní, "Ẹ lọ fi kọ́ńgò kan náà wọ̀n ọ́n wá." Ohun tó ń bá àwọn onímọ̀ fà á káàkiri àgbáyé títí dòní nìyẹn.

Ó DI INÚ ÌṢASÙN

Mo ní ẹ fi ìfun ẹja sọ́kàn. Ẹja kì í mọ èérún ike yàtọ̀ sí oúnjẹ. Inú ìfun ló sì máa ń wà jù. Ẹja ńlá tẹ́ ẹ bá là tẹ́ ẹ fọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bá ìfun lọ. Ṣùgbọ́n edé àti ẹja wẹ́wẹ́ tá a ń jẹ tìfun-tìfun ńkọ́? Mọ́tò tó bá gbé edé láti etí òkun gòkè wá sí Èkìtì, ó lè bá wa dá èérún ẹrù wa padà.

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Netherlands yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 22 wò. Wọ́n bá ike nínú ti èèyàn 17. Ní ọdún 2024, àwọn dókítà ilẹ̀ Ítálì yẹ ọ̀rá tó dí iṣan ọrùn àwọn aláìsàn wò. Àwọn tí ike wà nínú tiwọn ni àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí ikú mú jù láàárín ọdún bíi mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Dókítà kò tíì sọ pé ike nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ irú èyí tí kò dẹ̀ṣẹ̀ wò ó, ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọlọ́jà nìkan. Aṣọ onírọ́bà tí télọ̀ ń rán, nígbàkúùgbà tá a bá fọ̀ ọ́, fọ́nrán ń bá omi ọṣẹ lọ. Táyà tó ń jẹ lójú títì, èérún ni. Ọ̀dà tí pẹ́ńtà fi irin ha kúrò lára ògiri, èérún ni. Irun tí onídìrí gbá síta, ẹ ti mọ̀.

"KÍ LA Ó WÁ FI DÌ Í?"

Ìbéèrè tí màmá aláta kan bi mí nìyí, kò sì purọ́: "Ọmọ mi, tá ò bá fi ọ̀rá dì í, kí la ó fi dì í? Ṣé ọwọ́ lásán ni oníbàárà á fi gbé ata lọ ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, màmá. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ pa ọjà yín tì."

Ọ̀rá olówó kékeré ló mú kí tálákà rí omi tó mọ́ mu lójú ọ̀nà. A ò lè fi ẹnu lásán gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tápá wa ká wà. Ẹ so àpò kan mọ́ ẹsẹ̀ àtẹ, kí oníbàárà máa ju ọ̀rá omi tó mu tán síbẹ̀. Àwọn tó ń ra ike àti ọ̀rá àlòkù wà káàkiri ìlú ńlá báyìí. Àpò kan kò tó nǹkan lójú wọn, àpò ọgbọ̀n tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà kó jọ di ọjà. Ẹ má dáná sun ún, èéfín rẹ̀ ń wọ inú ọmọ tẹ́ ẹ pọ̀n. Ẹ ní kí wẹ́dà ìlú fi irin ṣe asẹ́ sẹ́nu gọ́tà níbi tó ti fẹ́ wọ odò, kẹ́ ẹ sì máa kó o lẹ́yìn òjò. Ewé ṣì wà nínú oko wa fún ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín. Agbọ̀n ṣì wà fún ẹni tó ń lọ ra ọjà ilé.

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sétí odò tó wà nítòsí yín. Férémù igi, asẹ́, iyọ̀ àti abọ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kà á kí òjò tó dé, ẹ tún kà á lẹ́yìn òjò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ padà síbi kan náà.

Òfin Èkó kò dé Ìgbàrà-Odò, bẹ́ẹ̀ ni omi kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbá etíkun, kó tètè bẹ̀rẹ̀ látẹnu gọ́tà ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ọgbọ́n kan dá sí i lọ́jà tiyín, ẹ kọ lẹ́tà sí wa, kí ọjà mìíràn lè gbọ́.